Ẹ̀fọn Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Sìn

  Ìwé ìrántí irú èyí a máa kún fún ìtàn àwọn olùdásílẹ̀, àwòrán àwọn ọ̀gá àgbà, àti orúkọ àwọn tí Ọlọ́run ti gbé ga láàárín wa. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ̀ǹda ojú-ewé díẹ̀ fún mi kí n fi sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fọn.

Ní àsìkò òjò tí ó kọjá, ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ayẹyẹ yìí pe ìpàdé sínú ọgbà ilé-ìwé. Mo tètè dé, mo sì rọra ń rìn láti ẹnu ọ̀nà ńlá lọ sí gbọ̀ngàn àpéjọ. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà ni a to àwọn táyà àlòkù sí, tí a kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, tí a sì gbin òdòdó sí àárín wọn. Ó dùn ún wò. Àwa tí a jọ jáde ní ọdún kan náà ni a fi wọ́n ta ilé-ìwé lọ́rẹ nígbà ayẹyẹ kan tí ó ti kọjá. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tí ó dá owó ọ̀dà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wo inú ọ̀kan. Omi òjò ti kún inú ikùn táyà náà yípo, tanwíjí sì ń jó lọ sókè sódò nínú rẹ̀, wọn kò níye. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n rán pé kí ó wá mú mi lọ sí ibi ìpàdé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ha èkejì. Lójijì ó lu ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣí ọwọ́ hàn mí: ẹ̀fọn dúdú kan, tí ó ní ìlà funfun wínníwínní ní ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Bí wọ́n ṣe máa ń jẹ wá nìyẹn." Ìtìjú mú mi. Ẹ̀bùn tí a fi yangàn ni ó ti di ibi tí a ti ń sin ẹ̀fọn fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Gbogbo ẹ̀fọn kọ́ ni ó jọra. Èyí tí ń gbé ibà tí gbogbo wa mọ̀ kiri, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anopheles, òru ni ó ń jẹ ènìyàn jù. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀n ẹ̀fọn fi wúlò lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n bí mo ti rí ìlà ẹsẹ̀ èyí tí ọmọ náà pa, ìran mìíràn ni, ìran Aedes, èyí tí olórí wọn ń jẹ́ Aedes aegypti. Ọ̀sán ni iṣẹ́ tirẹ̀. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ni ó sì máa ń jẹ ènìyàn jù lọ, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní ilé-ìwé tàbí tí wọ́n ń ṣeré ní ìta. Kò bìkítà fún omi gọ́tà àti ẹrẹ̀. Omi tí ó mọ́ níwọ̀n, tí ó dúró sójú kan nínú ohun èlò, ni ó ń wá: àmù, dúrọ́ọ̀mù, táǹkì tí kò ní ìdérí, bókẹ́ẹ̀tì, táyà, agolo, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó. Nítorí náà, ilé tí a gbá mọ́ tónítóní lè kún fún un. Kì í sì í sábà fò jìnnà sí ibi tí a bí i sí. Èyí tí ó jẹ ọ́ nínú pálọ̀ rẹ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé rẹ tàbí ẹ̀yìn ilé aládùúgbò rẹ ni ó ti jáde. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ̀fọn yìí gan-an ni ikú ilé.

Àrùn tí ó ń gbé kiri kò mọ ní ọ̀kan. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú. Òun náà ni ó ń gbé ibà dẹ́ńgì, èyí tí Òyìnbó ń kọ sílẹ̀ ní dengue, tí àwọn kan sì sọ ní ibà a-fọ́-egungun nítorí ìrora rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Nítorí náà, oògùn ibà tí a ń rà ní gbogbo ọjọ́ kò lè wò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mú kì í tilẹ̀ mọ̀. Ẹni tí ó bá hàn lára rẹ̀, ara rẹ̀ yóò gbóná gidigidi lójijì, orí yóò máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn ẹyinjú yóò máa ro ó, gbogbo oríkèé ara yóò máa dùn ún, ara rẹ̀ sì lè sú. Ènìyàn kì í kó o nípa ìfọwọ́kàn tàbí nípa jíjẹun pọ̀. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn.

Ẹnì kan lè wí pé àrùn òkèèrè ni èyí, kí ni ó pa á pọ̀ mọ́ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà? Rárá o, kì í ṣe àrùn òkèèrè. Láàárín ọdún 1964 sí 1968, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tí ara wọn gbóná wò, wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì dẹ́ńgì nínú rẹ̀, oríṣi kìn-ín-ní àti oríṣi kejì. Èyí ni pé ó ti wà láàárín wa kí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń ka ìwé yìí tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ìparí ọdún 2023, NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ìdènà àrùn, kéde pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó mú ènìyàn 71 ní Ìpínlẹ̀ Sókótó. Ní ọdún kan náà, ní Burkina Faso, àwọn tí a fura sí pé ó mú lé ní 100,000, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ní gbogbo ayé, iye tí a ròyìn rẹ̀ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2024 lé ní mílíọ̀nù 14.

Ìkàrẹ́ kì í sì í ṣe ìlú tí ó fara sin. Ọkọ̀ tí ń ti Èkó lọ sí Òkè Ọya ń kọjá níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń wá sí Ọjà Ọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi wá sí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá tí ó wà nítòsí wa. Ẹni tí ó bá gbé fáírọ́ọ̀sì náà dé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má mọ̀ rárá. Ẹ̀fọn ilé wa ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò sì pín in kiri àdúgbò.

Ìṣòro wa àkọ́kọ́ wà nínú orúkọ. Ní èdè wa, ara gbígbóná gbogbo ni ibà. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ohun tí ó léwu ni pé orúkọ kan ṣoṣo náà ti sọ ìtọ́jú di ọ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ara rẹ̀ gbóná ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n ra oògùn ibà fún un láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ní Ọjọ́rú, kò tíì lọ. Wọ́n ní tàífọ́ọ̀dù ti dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Wọ́n tún fún un ní ibuprofen nítorí ara ríro tí kò jẹ́ kí ó sùn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ara rẹ̀ tutù. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì se ọbẹ̀ ata fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà, ó ń bì láìdáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ ní erìgì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn kan, kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Omi tí wọ́n fà sí i lára ni Ọlọ́run lò láti dá a padà fún wa. Dókítà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nígbà tí ibà náà bẹ̀rẹ̀. A kò rí ìdáhùn fọ̀. Títí di òní, a kò mọ orúkọ ohun tí ó fẹ́ pa á. N kò lè sọ pé dẹ́ńgì ni. N kò sì lè sọ pé kì í ṣe òun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a bá ọ̀tá jà fún ọjọ́ márùn-ún gbáko láìwo ojú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí gbogbo ìyá mọ̀. Nínú dẹ́ńgì, ọjọ́ tí ara bá tutù lè jẹ́ ọjọ́ tí ewu bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ keje, nígbà tí ibà bá ń lọ sílẹ̀, ni omi inú ẹ̀jẹ̀ lè máa jò jáde kúrò nínú iṣan. Bí inú bá ń run ọmọ kíkankíkan, bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ ní erìgì tàbí ní imú, tàbí tí ó wà nínú èébì tàbí ìgbẹ́, bí àárẹ̀ bá mú un jù tàbí tí kò lè fara balẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí oògùn tí ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ìsinmi, omi mímu dáadáa, àti paracetamol ní ìwọ̀n tí ó yẹ ni ìtọ́jú rẹ̀, kí ojú àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì wà lára aláìsàn. Ibuprofen àti aspirin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. A kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n tọ́jú ibà tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní àwáwí láti sọ pé èyí ṣòro jù. Ibà Lassa ti kọ́ wa. Òun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a ń fún ní oògùn ibà. Lónìí, bóyá ni àgbàlagbà kan wà ní Àkókó tí kò mọ̀ pé eku ni ó ń gbé e wá, tí kò sì gbọ́ nípa ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ níbi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. A ti kọ́ láti bo gàárì nítorí eku. Kí ló dé tí a kò ní kọ́ láti bo omi nítorí ẹ̀fọn?

Ìdí mìíràn tún wà tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi í falẹ̀. Oríṣi mẹ́rin ni fáírọ́ọ̀sì dẹ́ńgì, bí ọmọ ìyá mẹ́rin. Ẹni tí ọ̀kan bá mú tí ó sì yè, ọ̀kan náà kì í sábà padà mú un mọ́. Ṣùgbọ́n bí òmíràn nínú àwọn mẹ́ta yòókù bá mú un lẹ́yìn náà, ó lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wo Kúbà, erékùṣù tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ní ìgbà òwò ẹrú. Ní ọdún 1977, oríṣi kìn-ín-ní jà níbẹ̀. Ó mú ọ̀pọ̀lọpọ̀, kò sì le púpọ̀. Ní ọdún 1981, oríṣi kejì dé. Àwọn tí ó mú lé ní 340,000. Ó pa 158, ọmọdé sì ni 101 nínú wọn. Ẹ rántí pé oríṣi méjì yìí kan náà ni wọ́n rí ní Ìbàdàn.

Kí ni àwọn ará Kúbà ṣe? Wọ́n fín oògùn apẹ̀fọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ láti ilé dé ilé láti yẹ táǹkì, àgbá àti agolo wò, kí wọ́n da omi tí kò wúlò nù, kí wọ́n sì dáàbò bo èyí tí ó wúlò. Kí ọdún náà tó parí, àrùn náà dáwọ́ dúró, kò sì tún tàn kálẹ̀ níbẹ̀ títí di ọdún 1997, nígbà tí ẹ̀fọn náà ti tún rí àyè ní ìlú Santiago de Cuba. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀: ènìyàn lè ṣẹ́gun ẹ̀fọn yìí; bí ó bá sì sùn lẹ́yìn ìṣẹ́gun, ẹ̀fọn yóò padà.

Kí a má ba à sọ pé ọ̀nà jìn sí Kúbà, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún 1987, ibà pọ́njú jà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Nígbà tí àwọn olùwádìí wọ inú ilé àwọn ènìyàn, wọ́n bá Aedes aegypti tí ó ń pọ̀ sí i nínú ohun èlò omi ilé. Ibà pọ́njú ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó dájú, láti ọdún 1937 tí Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe é. Abẹ́rẹ́ dẹ́ńgì wà ní àwọn ilẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò sí lára àwọn àjẹsára tí a ń fún àwọn ọmọ wa ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ibi tí omi wà ni ìjà tiwa wà.

Èyí mú mi rántí wolé-wolé. Ẹ̀yin àgbà nínú wa mọ ẹni tí mò ń sọ: ọkùnrin onísòkòtò kákí tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò, tí àwọn ìyá wa ń sáré gbá ìdí àmù bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti dé ojúlé kejì. A ṣí àmù, a tan iná sí inú rẹ̀. Bí ó bá bá tanwíjí, onílé yóò san owó ìtanràn tàbí kí ó fojú ba kóòtù. A bẹ̀rù rẹ̀, a fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan nínú wọn sì gba rìbá. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun kan tí àwa tí a kàwé jù ú lọ ti gbàgbé: inú omi ilé ni ẹ̀fọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Irú iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe ní Singapore títí di òní, níbi tí onílé tí wọ́n bá tanwíjí lọ́dọ̀ rẹ̀ ti ń san ìtanràn.

Lẹ́yìn wolé-wolé, ìmọ́tótó oṣooṣù ni a mọ̀. Ó ṣe rere fún gọ́tà àti ààtàn. Fún ẹ̀fọn yìí, kò tó. Nínú ooru ilẹ̀ wa, láti ìgbà tí ẹyin bá pa títí di ìgbà tí ẹ̀fọn yóò fi máa fò, ó lè má ju ọjọ́ méje sí mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó ń fọ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti fún ẹ̀fọn láàyè láti bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ọ̀sẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ẹ̀fọn. Ọ̀sẹ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ kàlẹ́ńdà tiwa náà. Kí a sì rántí pé ẹyin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò ní òkè ibi tí omi dé. Ó lè wà níbẹ̀ ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀, kí ó sì pa nígbà tí omi bá tún kàn án. Nítorí náà, dída omi nù nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ fi kànrìnkàn ha inú ohun èlò náà.

N kò gbàgbé pé omi ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ó bá ti gbé orí òkè Ọ̀kà rí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ iyì garawa omi kan. Ní Ìkàrẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ilé ni kò gbẹ́kẹ̀ lé omi ẹ̀rọ. Kànga a máa gbẹ, a máa ra omi lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ omi. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé, gbogbo ohun tí ó ní ikùn ni a ń gbé sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Ìyá tí ó pa omi mọ́ kò ṣẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ìjọba bá a ṣe ni ó ń fi orí ara rẹ̀ rù. Bí a bá ní kí ó da omi rẹ̀ nù, yóò fi wá rẹ́rìn-ín, òun ni yóò sì jàre. Kí ó bò ó ni a ń bẹ̀ ẹ́: kí ó fi ìdérí tí ó bá ẹnu mu dé e, tàbí kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù, kí ó sì fi rọ́bà so ó yípo, kí ẹ̀fọn má rí ọ̀nà wọlé. Kí àwọn tí ń ṣèjọba sì mọ̀ pé ẹ̀rọ omi kan tí kò yọ, dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá ni ó ń bí.

Àwọn kan yóò ní, "Kí wọ́n kúkú wá fín oògùn." Oògùn fífín ní àyè tirẹ̀ nígbà tí àrùn bá ti ń jà, ṣùgbọ́n èyí tí ń fò ni ó ń pa, tanwíjí inú àmù yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Mo rò pé ohun tí ń ṣe wá ni ó ṣe Náámánì, balógun Síríà. Inú bí i nígbà tí wòlíì Èlíṣà ní kí ó lọ wẹ̀ nígbà méje ní odò Jọ́dánì, nítorí ohun ńlá ni ó ti ń retí. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ yí i lọ́kàn padà. Inú ohun kékeré tí ó fojú tẹ́ńbẹ́lú ni ìwòsàn rẹ̀ wà. Àwa náà ń retí abẹ́rẹ́ tuntun àti ọkọ̀ olóògùn, bẹ́ẹ̀ ni kànrìnkàn àti ìdérí wà nílé.

Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ohun tí ó lè má dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń fẹ́ kí a fi owó tí a dá fún ayẹyẹ yìí kọ́ ẹnu ọ̀nà tuntun tí a óò kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí. N kò kórìíra ẹwà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti bá wọn ra ẹwà tí ó bí tanwíjí rí, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnu ọ̀nà náà dúró ná, kí a ṣe ohun mẹ́rin yìí.

Èkíní, kí a kó gbogbo táyà kúrò nínú ọgbà, tàbí kí a rọ yẹ̀pẹ̀ kún ikùn wọn dẹ́nu, kí omi má lè dúró nínú wọn mọ́. Èkejì, kí a ra táǹkì tí ó ní ìdérí àti ẹ̀rọ, kí a fi àwọ̀n bo gbogbo ihò tí omi òjò ń gbà wọlé àti èyí tí ó ń gbà jáde, kí àwọn ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ dúrọ́ọ̀mù ìta gbangba. Ẹ̀kẹta, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan yan wolé-wolé tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó lọ ilé, kí wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú yẹ gbogbo ohun tí ó lè gba omi wò lábẹ́ ìdarí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní ọjọ́ Sátidé, tí àwọn ọmọ ń fọ aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ sí ilé Ọlọ́run, kí olúkúlùkù ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti fi ojú rí tanwíjí tí ó di ẹ̀fọn nínú ìgò tí a dé kò ní gbàgbé láé. Ẹ̀kẹrin, kí yàrá ìtọ́jú ilé-ìwé ní ohun èlò tí a fi ń wọn bí ara ṣe gbóná tó, ohun èlò àyẹ̀wò ibà, àti ìwé tí a óò máa kọ orúkọ ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná sí. Bí ọmọ púpọ̀ bá ń ṣe ibà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kì í ṣe ibà tí a mọ̀, kí a tètè fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí, ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn ibà fún ọmọ yín láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí àyẹ̀wò bá ní kì í ṣe ibà ti ẹ̀fọn òru, ẹ má ṣe bá àyẹ̀wò jà. Ẹ béèrè ohun tí ó jẹ́. Ẹ má ṣe pa àwọ̀n ẹ̀fọn tì, nítorí ibà ti òru ṣì ń pa àwọn ọmọ wa; ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ó parí iṣẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ojúṣe tirẹ̀: ó yẹ kí a lè ṣe àyẹ̀wò dẹ́ńgì ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Àkókó níhìn-ín, nítorí àrùn tí a kò bá wá, a kò lè kà á, èyí tí a kò bá sì kà, kò sí ẹni tí yóò náwó lé e lórí.

Àwa tí a kó táyà wọ̀nyẹn wá ti fohùn ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú ìsìn ọpẹ́ ayẹyẹ yìí, a óò wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti ọkọ̀ akẹ́rù, a óò sì kó wọn kúrò pẹ̀lú ọwọ́ ara wa. Kò ní sí àsíá, kò ní sí ayàwòrán. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa kó wọn, kí ó mú ìbọ̀wọ́ dání, kí ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, nítorí ẹ̀fọn tí a fi ọwọ́ ara wa sìn ń dúró dè wá níbẹ̀. Kí Ọlọ́run dá ilé-ẹ̀kọ́ wa sí, kí ó sì dá àwọn ọmọ inú rẹ̀ sí fún wa. Àmín.